Ẹ Bi Olóòtú: Fóònù Bàbá, Ọwọ́ Ta Ló Yẹ Kó Wà?

Nígbà tí a kọ̀wé nípa àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma nínú ìwé ìròyìn wa tó jáde kẹ́yìn, ohun tí mo rò ni pé ọ̀rọ̀ oògùn àti iṣẹ́ abẹ ni àwọn òǹkàwé yóò máa béèrè. Àwọn kan béèrè rẹ̀ lóòótọ́, a ó sì dá wọn lóhùn lóṣù tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà tó wọlé ń béèrè bí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́ yóò ṣe máa lo fóònù àti kọ̀ǹpútà. Mẹ́rin ni mo mú nínú wọn. Èkínní ni yóò gba àyè jù, nítorí ohun tó wà nídìí rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ fóònù lọ.

Ìbéèrè kìíní

"Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè Àró ní Àkúrẹ́ níbí ni èmi àti bàbá mi ń gbé. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ó ti tó ọdún méjì tí glaucoma ti gba ojú wọn méjèèjì, láti ìgbà náà sì ni fóònù wọn ti wà lọ́wọ́ mi. Èmi ni mò ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ wọn, èmi ni mo mọ píìnì wọn, èmi náà ni mò ń fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n bá ní kí n fi ránṣẹ́ sí. Lóṣù tó kọjá, nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì wọn wọlé, mo ti sọ iye rẹ̀ fún àbúrò mi kí n tó sọ fún àwọn fúnra wọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́, wọn kò bínú. Wọ́n kàn ní, 'Ó dáa, ẹ ti wá di bàbá mi.' Láti ọjọ́ náà wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹnì kan ní Ọjà Ọba sọ fún mi pé fóònù kan wà tí wọ́n ṣe fún afọ́jú nìkan, pé owó gọbọi ni. Níbo ni mo ti lè rí i rà?"

Ìdáhùn

Ẹ má tíì ra ohunkóhun. Bí fóònù Bàbá bá jẹ́ Android tí a ń fọwọ́ rá lójú, irú èyí tó kún ìgboro Àkúrẹ́, ó ṣeé ṣe kí ohun tí ẹ ń wá ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á. TalkBack ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 2009 ni Google kọ́kọ́ gbé e jáde, ọdún náà gan-an ni Apple fi irú tirẹ̀, tó ń jẹ́ VoiceOver, sínú iPhone. Ohùn kan ni tó ń ka ohun tí ọwọ́ bá bà lé lójú fóònù. Bàbá yóò máa fi ìka rá a lọ, ohùn náà yóò sì máa sọ fún wọn pé aago nìyí, àtẹ̀jíṣẹ́ nìyí, orúkọ lágbájá nìyí. Bí ó bá dórí èyí tí wọ́n ń wá, kí wọ́n fi ìka kan tẹ ojú fóònù lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, ibi yòówù kí ìka náà bọ́ sí, yóò ṣí i. Bí wọ́n bá fi ìka kan gbá a sápá ọ̀tún, yóò bọ́ sórí ohun tó kàn. Ìka méjì ni wọn ó sì máa fi fa ojú ìwé sókè tàbí sílẹ̀.

Láti tàn án, ẹ wọ Settings, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Accessibility sí, ẹ ó rí TalkBack níbẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù, ẹ tún lè di bọ́tìnnì ohùn méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mú pọ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ọ̀nà kan náà lẹ ó sì fi pa á. Ẹ rántí pé bí ó bá ti tàn, títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ̀yin tí ẹ ríran ń tẹ fóònù kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Arákàlẹ̀ sọ fún mi pé àwọn èèyàn máa ń sáré gbé fóònù wá bá òun pé nǹkan ti wọ inú rẹ̀, pé ó ń dá sọ̀rọ̀, kò sì gbọ́ ti ọwọ́ mọ́. Bọ́tìnnì méjèèjì náà ni wọ́n ṣèèṣì dì mú. Ó ní òun a máa pa á fún wọn, òun a sì gba owó iṣẹ́.

Kì í ṣe inú ìwé nìkan ni mo ti mọ èyí. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí wọ́n bí ní aláìríran, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó nídìí ẹ̀rọ tẹlifóònù ilé iṣẹ́ ìjọba kan ní Alágbàká, tó ń so ẹni tó bá pè mọ́ ọ́fíìsì tí onítọ̀hún ń wá. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo lọ kí i, wọ́n ti mú iná lọ. Èmi ń fọwọ́ wá ọ̀nà nínú pálọ̀ kí n má baà fẹsẹ̀ gbá àga, òun jókòó jẹ́ẹ́, ó ń ka ìròyìn. Ojú fóònù rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, nítorí ó ti pa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kí bátìrì má baà tètè tán. Ó gbé e sí mi létí. Ohùn náà ń sáré bí ìgbà tí èèyàn ń da àgbàdo gbígbẹ sínú páànù, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí òun bá dín eré rẹ̀ kù, oorun ni yóò gbé òun lọ. Lẹ́yìn náà ló ní kí n jẹ́ kí òun ra káàdì sórí fóònù. Ó ki íápíìsì bọ etí kan, ó fi etí kejì sílẹ̀ fún mi, ó sì tẹ píìnì rẹ̀ lójú mi níbẹ̀ láìdá ọ̀rọ̀ wa dúró. Bí mo tilẹ̀ fẹ́ yọjú wò ó, kí ni n bá rí?

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ló rọrùn bẹ́ẹ̀. Èmi fúnra mi fi gèlè ìyàwó mi di ojú mi lọ́jọ́ Sátidé kan, mo tan TalkBack, mo ní n óò fi ₦500 ránṣẹ́ sí i láti inú áàpù báńkì mi. Orúkọ mi, ó kà á. Iye tó kù nínú àpò mi, ó kà á sókè ketekete, gbogbo ilé gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tó yẹ kí n ti fi owó ránṣẹ́, ohun tó ń sọ fún mi ṣáá ni pé bọ́tìnnì nìyí, bọ́tìnnì nìyí, láìsọ bọ́tìnnì kí ni. Mẹ́rin ni wọ́n tò síbẹ̀, kò sí èyí tó lórúkọ. Àwòrán tí wọ́n yà sára wọn ni ẹni tó ríran fi ń dá wọn mọ̀. Mo tẹ ẹ̀kẹta, áàpù náà jù mí síta. TalkBack kọ́ ló jẹ̀bi níbẹ̀ o. Ẹni tó kọ áàpù náà ni kò fún bọ́tìnnì rẹ̀ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1999 ni ìlànà tí àjọ W3C ṣe fún ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń sọ pé ohunkóhun tó bá jẹ́ àwòrán gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ tó dúró fún un. Bí áàpù báńkì Bàbá bá ń ṣe báyìí, ẹ dán ti báńkì mìíràn wò, tàbí kí wọ́n máa tẹ nọ́ńbà oníràwọ̀ tí àwọn báńkì ní. Ọ̀rọ̀ lásán ló ń jáde lójú ìyẹn, TalkBack yóò sì kà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń já nígbà mìíràn kí ohùn náà tó kà á tán.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ owó ni pé ibẹ̀ gan-an ni bàtà ti ń ta àwọn tí ojú wọn kò ríran lẹ́sẹ̀. Ẹ mú ₦100 àti ₦1,000, kí ẹ gbé ọ̀kan lé èkejì. Wọ́n dọ́gba ní gígùn, wọ́n dọ́gba ní ìbú, bákan náà sì ni ₦200 àti ₦500 rí. Láti ₦5 títí dé ₦50 ni wọ́n kéré sí ìyẹn, àwọn náà tún dọ́gba láàárín ara wọn. Ẹni tí kò ríran tó gba ṣéńjì lọ́wọ́ awakọ̀ ní Ọjà Ọba, ìwà awakọ̀ náà ló gbára lé. Bí ó bá sì dé ọ̀dọ̀ oní-POS, tí ẹ̀rọ onítọ̀hún jẹ́ irú èyí tí ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kò ní bọ́tìnnì tí ìka lè fi wá ibi tí 5 wà, ẹnu ni yóò fi pe píìnì rẹ̀ sókè láàárín èrò.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kọ́ Bàbá, ẹ má gbé gbogbo rẹ̀ kà wọ́n láyà lọ́jọ́ kan. Tíṣà ni wọ́n, wọ́n mọ̀ pé ọmọ kì í ka ABD tán lọ́jọ́ tó bá wọ ilé ìwé. Ẹ dín eré ohùn náà kù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń gbé ìpè àti bí a ṣe ń pe èèyàn, kí wọ́n tó bọ́ sí kíka àtẹ̀jíṣẹ́, lẹ́yìn náà ohùn WhatsApp. Owó ni kó kẹ́yìn. Bí wọ́n bá ṣì í tẹ̀, ẹ má já fóònù gbà lọ́wọ́ wọn, ẹnu ni kí ẹ fi tọ́ wọn sọ́nà. Ẹ ra íápíìsì fún wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì ti lè ka àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì wọn fúnra wọn, kí wọ́n pààrọ̀ píìnì náà, kí wọ́n má sì sọ ọ́ fún yín. Mo mọ̀ pé kò sí ohun burúkú lọ́kàn yín, ṣùgbọ́n iye owó tó wọ àpò Bàbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí àbúrò yín yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ lọ bẹ̀ wọ́n lórí ìyẹn kí ẹ tó tan TalkBack kankan.

Ohun méjì ló kù. Bí ìgò oògùn ojú wọn bá ju ẹyọ kan lọ, tí wọn kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti àárọ̀, ẹ kò nílò áàpù fún ìyẹn, ẹ fi rọ́bà di ọ̀kan lọ́rùn. Èkejì kan ẹ̀yin ọmọ: glaucoma a máa rìn nínú ẹbí, ohun tó bá sì ti gbà lójú kì í padà, nítorí náà kí ẹ̀yin àti àbúrò yín lọ yẹ ojú yín wò.

Ìbéèrè kejì

"Yàbá ní ìlú Oǹdó ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ojú mi ọ̀tún kò ríran rárá, tòsì ń ríran fírífírí. Mo lọ sí báńkì kan kí wọ́n bá mi ṣí áàpù wọn sórí fóònù. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn ní àwọn kò lè ṣe é, àfi bí mo bá mú ẹni tó ríran wá tí yóò dúró fún mi. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí, mo sì ń ta aṣọ. Ṣé òfin ni?"

Ìdáhùn

Òdìkejì rẹ̀ ni òfin. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ sí àwọn akanda ẹ̀dá léèwọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní òfin ọdún 2018. Ó sọ pé ẹnikẹ́ni tàbí ilé iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́nàkọnà nítorí ìpèníjà wọn. Ilé iṣẹ́ tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi yóò san ₦1,000,000. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ni, ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì pọ̀. Ẹ padà lọ pẹ̀lú lẹ́tà sí mánijà, kí ẹ dárúkọ òfin náà nínú rẹ̀, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n buwọ́ lù. Bí etí wọn bá di sí i, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó wà fún àwọn akanda ẹ̀dá wà ní Àbújá, ìpínlẹ̀ wa náà sì ní tirẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ní ìrírí mi, lẹ́tà tí ẹ̀dà rẹ̀ ń lọ sí àjọ máa ń tètè jí mánijà lójú oorun.

Ní ti ojú òsì tó ṣì ń ríran, ẹ tún wọ Accessibility yẹn. Ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti ń sọ lẹ́tà di ńlá, ibi tí wọ́n ti ń sọ ojú fóònù di dúdú kí lẹ́tà rẹ̀ funfun, àti èyí tó ń sún gbogbo rẹ̀ mọ́ ojú bíi ti awò. Ó lè jẹ́ ìyẹn nìkan ni ẹ nílò nísinsìnyí.

Ìbéèrè kẹta

"Ọ̀wọ̀ ni mò ń gbé, ọmọbìnrin mi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò ríran. Wọ́n ń kọ́ ọ ní Braille, ìkọ̀wé tí a ń fi ìka kà, nílé ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ékòó ní kí a má fi ìyẹn yọ ọmọ lẹ́nu mọ́, pé kọ̀ǹpútà tó ń sọ̀rọ̀ ti dé. Kí ni ẹ rí sí i?"

Ìdáhùn

Ẹ̀gbọ́n yín ṣìnà níbí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọmọ tó ń gbọ́ ìwé nìkan kò mọ bí wọ́n ṣe kọ ọ̀rọ̀. Yóò gbọ́ "ọ̀kọ̀" àti "ọkọ̀" dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní mọ lẹ́tà tó para pọ̀ di wọ́n àti ibi tí àmì ohùn wà lórí wọn, àfi bí ìka rẹ̀ bá ti kà á rí. Louis Braille fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí irinṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi ń lu awọ bà á lójú. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó ṣètò ìkọ̀wé onítóótòó mẹ́fà yìí ní Faransé ní 1824, èdè Yorùbá náà sì ní ètò Braille tirẹ̀. JAMB pàápàá ti ní ìgbìmọ̀ kan lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola láti 2017, tó ń ṣètò ìdánwò fún àwọn tí ojú wọn kò ríran, Braille sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kó kọ́ kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. NVDA, ètò tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè, ni kí ẹ bi olùkọ́ rẹ̀ léèrè. Ọ̀fẹ́ ni, orí Windows ló ń ṣiṣẹ́, Michael Curran tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ọsirélíà ní 2006 àti James Teh tó bá a ṣe é kò sì ríran, àwọn méjèèjì.

Ìbéèrè kẹrin

"Akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ni mí nílé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Oǹdó, n kò sì ríran. Mo ní ìṣòro mẹ́ta. Ohùn orí fóònù mi ń da Yorùbá rú. Oníṣòwò ìwé kan sọ pé olè ni mí bí mo bá ní kí ọ̀rẹ́ mi sọ ìwé di ohun tí kọ̀ǹpútà lè kà fún mi. Ẹ̀kẹta kàn yín: àwòrán ni ìwé ìròyìn yín tí ẹ ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. N kò tíì ka ojú ìwé kan nínú rẹ̀ rí láìbẹ ẹnì kan."

Ìdáhùn

Ọ̀rọ̀ olè yẹn kò gba àkókò. Wọ́n ṣe àdéhùn kan ní Marrakesh ní ilẹ̀ Mòrókò ní 2013 tó gbà pé kí a lè sọ ìwé di Braille tàbí ohùn tàbí ọ̀rọ̀ orí kọ̀ǹpútà fún ẹni tí kò ríran láìkọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ ní 2017, òfin ẹ̀tọ́ oníwèé wa ti ọdún 2022 náà sì ṣe àyè fún un. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ wá máa tà á.

Ohùn tó ń da Yorùbá rú ló gba àlàyé. Ohùn Gẹ̀ẹ́sì tó wà lórí fóònù kò mọ ohun tí yóò fi lẹ́tà wa ṣe. Ó lè fò ó, ó sì lè máa pe orúkọ àmì kọ̀ọ̀kan títí ọ̀rọ̀ yóò fi sọnù. Àwa tí a ń kọ èdè náà tún wá ń dá kún un. Nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé ń lò láti fi nọ́ńbà dá lẹ́tà mọ̀, ẹ àti ọ ní nọ́ńbà tiwọn lódindi. (Àwọn ará Vietnam náà ń lò wọ́n, àmọ́ àmì ohùn ni tóótòó ìsàlẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn.) Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, lẹ́tà ẹ ni a kọ́kọ́ ń tẹ̀, kí a tó gbé àmì lé e lórí. Àwọn kan á tẹ e lásán, wọ́n á fi tóótòó sí i lábẹ́ bí àmì ọ̀tọ̀, wọ́n á tún gbé àmì ohùn lé e. Àwọn mìíràn á fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Lójú ẹni tó ríran, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn; létí ẹni tó ń lo TalkBack tàbí NVDA, wọ́n lè di lẹ́tà mẹ́ta. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ bẹ àwọn olùkọ́ yín kí wọ́n máa fi ìwé iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe bí wọ́n ṣe yà á ní fọ́tò, kí gbogbo wọn sì jọ lo irú àtẹ ìtẹ̀wé kan náà. Ibi tí ohùn bá ti da ọ̀rọ̀ rú, ẹ jẹ́ kí NVDA ka ọ̀rọ̀ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ ohun tí òǹkọ̀wé kọ.

Ẹ̀kẹta, a jẹ̀bi. Ojú ìwé tí a yà bí àwòrán dùn ún wò, òun ló sì yá wa lára, a kò rò ó kọjá ibẹ̀, bí àwọn ẹbí tó ń fi àwòrán ìwé ìpè òkú ránṣẹ́ tí nọ́ńbà àkáǹtì àti ọjọ́ ìsìnkú wà nínú rẹ̀ kò ṣe rò ó. Láti oṣù tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn yìí yóò máa tẹ̀lé àwòrán rẹ̀ lórí WhatsApp ní títẹ̀, a ó sì máa fi gbólóhùn kan tàbí méjì sọ ohun tó wà nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ọmọkùnrin tó ń to ojú ìwé wa ti ń kùn pé iṣẹ́ náà pọ̀ jù. Mo ti yá a ní gèlè ìyàwó mi.